Ṣé Ọmọ Ló Ń Gbàdúrà, Àbí Ìwọ̀fà?

ÌBÉÈRÈ ÒǸKÀWÉ KAN

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti di àtúnbí tí mo sì ti ṣe ìrìbọmi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé, bí mo bá ti kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ńṣe ni ó máa ń ṣe mí bí ẹni tí ó fẹ́ lọ bẹ olówó pé kí ó fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. N ó kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ mi títí tí yóò fi rẹ̀ mí, n ó wá ka iye ọjọ́ tí mo fi gba ààwẹ̀ nínú oṣù náà, kí n tó lè dárúkọ ohun tí mo fẹ́. Bí mo bá pa ìṣọ́ òru jẹ, ojú máa ń tì mí láti gbàdúrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Aṣáájú ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé ọmọ Ọlọ́run ni mí, wọ́n ní kí n yéé bẹ̀bẹ̀, kí n máa pàṣẹ. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ aládùúrà, ní kí n mú sáàmù àti omi. Ọkọ mi ní àdúrà ni àdúrà, pé kò sí ohun tí jíjẹ́ ọmọ tàbí àìjẹ́ ọmọ ní í ṣe níbẹ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ṣé lóòótọ́ ni pé ohun tí èèyàn jẹ́ nínú Kristi máa ń yí bí ó ṣe ń gbàdúrà padà?

* * *

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ kí n tó fèsì. Èmi kì í ṣe olùṣọ́-àgùntàn. Adìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ tí ń gbàdúrà ní ìjọ wa láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wà ní jẹ́léósinmi, nítorí náà ohun tí ojú mi ti rí ni mo lè sọ.

Ibi tí o ti dárúkọ olówó ni mo ti dúró. Àwọn baba wa ní orúkọ fún ẹni tí ó wà ní ipò tí o júwe yẹn: ìwọ̀fà. Bí ẹnìkan bá yá owó tí kò rí i san, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà lọ́dọ̀ olówó. Gbogbo oko tí ìwọ̀fà bá ro, gbogbo ebè tí ó bá kọ, èlé ni wọ́n ń kà á sí. Owó gan-an kò ní fi kọ́bọ̀ kan dín. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá, kí iye tí ó jẹ ní ọjọ́ tí ó dé ṣì wà níbẹ̀ ní pípé, àyàfi bí ẹlòmíràn bá wá bá a san án. Wò ó bóyá bí o ṣe ń gbàdúrà kọ́ nìyẹn. Ààwẹ̀ ń lọ, ìṣọ́ òru ń lọ, gbèsè kò dín.

Ohun tí ìgbàgbọ́ wa sì sọ ni pé Ẹnìkan ti wá bá wa san án. Bí o bá gba èyí gbọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí o wá kúnlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé bí ẹni tí a kò tíì san gbèsè rẹ̀, ẹnu rẹ àti eékún rẹ kò bá ara wọn mu. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, jíjẹ́ Kristẹni máa ń yí àdúrà padà, ibi tí o dúró sí kí o tó la ẹnu rárá sì ni ó ti kọ́kọ́ ń yí i.

* * *

Láàárín ọjọ́ méjì tí mo fi ìdáhùn òkè yìí síta, èsì àwọn òǹkàwé ti pọ̀ ju ohun tí mo lè dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn ọkọ rẹ kò kéré. Ọkùnrin kan láti Láfẹ́ńwá kọ ọ́ pé Mùsùlùmí ń gbàdúrà, Kristẹni ń gbàdúrà, oníṣẹ̀ṣe náà ń gbàdúrà, Ọlọ́run kan náà ló sì ń gbọ́. Kí ni àwa wá ń pín irun orí sí wẹ́wẹ́ fún?

N kò jókòó síhìn-ín láti dá ẹjọ́ ẹni tí Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù ti ń gbàdúrà láti kékeré nínú sínágọ́gù, síbẹ̀ wọ́n ní kí ó kọ́ àwọn bí a ti í gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ fi sí wọn lẹ́nu ni Bàbá. Àwa Yorùbá kì í ta kìjí bí a bá gbọ́ ọ, nítorí pé gbogbo àgbà ọkùnrin ni a ń pè ní bàbá: bàbá onílé, bàbá ẹlẹ́ran, bàbá tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀ lẹ́nu wa jù.

Pọ́ọ̀lù kò jẹ́ kí ó rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Róòmù orí kẹjọ, ó fi ẹ̀mí ẹrú tí ń mú ni bẹ̀rù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀mí ìsọdọmọ sí èkejì, ó sì ní èyí èkejì ni a fi ń ké pé, “Ábà, Baba.” Ìwé Róòmù wà lára àwọn tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè wa, ó jáde ní 1850. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni Àjàyí, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Abẹ́òkúta níbí ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, ti tún fojú kan ara wọn ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ nípa ẹrú àti ọmọ yẹn wọ inú èdè Yorùbá ti fi ara rẹ̀ mọ bí ẹrú ṣe ń rí. Bí mo bá ń kà á, ojú tí mo fi ń wò ó nìyẹn, mi ò sì lè sọ pé àdúrà ni àdúrà mọ́.

* * *

“Ṣé kí á má jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni?” Ó tó ẹni mẹ́rin tí ó bi mí ní èyí, ọ̀kan nínú wọn sì fi ìbínú bi í.

Ẹ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ìdí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ wí: òun ti ṣẹ̀, òun kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní ọmọ mọ́, kí bàbá ṣe òun bí ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Nígbà tí ó délé, ó wí ti àkọ́kọ́, ó wí ti ìkejì, bàbá kò sì jẹ́ kí ó dé orí alágbàṣe rárá tí ó fi ní kí wọ́n gbé aṣọ wá. Ìjẹ́wọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ìwé ìgbàṣẹ́ kò wọlé.

Mo kọ́ èyí lọ́wọ́ ọmọ mi. Ní ọjọ́ kan tí mo ti ọjà dé, mo bá ọmọ mi ọkùnrin kejì níbi tí ó ti ń fọ ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ti gbá ilẹ̀, ó ti pọn omi kún ìkòkò méjèèjì, ó sì ti ká gbogbo aṣọ tí mo sá sórí okùn, ó ṣẹ́ wọn létí-létí bí ẹni tí ó fẹ́ tà á. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ṣe báyìí kí ó tó wá sọ fún mi pé owó ilé-ìwé tí mo fi rán òun ti sọ nù ní Páńṣẹ́kẹ́. Ohun tí ó dùn mí jù ni ọjọ́ mẹ́ta náà. Ó fẹ́ kọ́kọ́ sanwó kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni pé olówó rẹ̀ ni mí.

Nítorí náà, ọmọ mi aránṣọ, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì pè é ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Bí o bá yọ nínú aṣọ oníbàárà pamọ́, sọ pé o yọ ọ́ pamọ́, kí o sì dá a padà. Lẹ́yìn náà, bọ́ sí orí ohun tí o fẹ́ tọrọ. Kíka ẹ̀ṣẹ̀ títí tí yóò fi rẹ̀ ọ́, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ ni ò ń fọ̀.

* * *

Wàyí o, ti aṣáájú tí ó ní kí o máa pàṣẹ.

Mo bínú díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ fèsì sí èyí, mo sì ní: ọmọ Ẹ̀gbá wo ni ó ń pàṣẹ fún bàbá rẹ̀? Ọmọ tí ó mọ ara rẹ̀ ní ọmọ ni ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àlejò ni ó ń bọwọ́. Arákùnrin kan láti Ọbàńtokò wá tọ́ mi sọ́nà, pé kì í ṣe Ọlọ́run ni wọ́n ní kí a pàṣẹ fún, àìsàn àti ẹ̀mí àìmọ́ ni, àti pé Jésù fúnra rẹ̀ sọ nípa ẹni tí yóò bá òkè sọ̀rọ̀ tí òkè yóò sì ṣí. Òótọ́ ni ó sọ, mo gbà fún un.

Ṣùgbọ́n kí òun náà gba èyí fún mi: ní ìpàdé wa, ààlà náà kì í pẹ́ parẹ́. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ibà, a ó bọ́ sórí gbèsè, nígbà tí yóò bá fi di aago méjì òru, Ọlọ́run alára ni a ń sọ fún pé kò gbọdọ̀ ju òní lọ. Ẹni tí ó pe Ọlọ́run ní Ábà nínú ọgbà Gẹtisémánè, Ọmọ tí kò sí irú rẹ̀, wí ohun tí ó fẹ́ láìfi bò: kí ago náà kọjá. Ó sì fi kún un pé kí ó má ṣe jẹ́ bí òun ti fẹ́. Ìwé Hébérù ní kí a fi ìgboyà wá sí ibi ìtẹ́, ó sì sọ ohun tí a ń wá gbà níbẹ̀: àánú. Ta ni ó ń pàṣẹ kí á tó ṣàánú fún un?

* * *

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Olùkọ́ kan béèrè pé, bí a bá jẹ́ ọmọ lóòótọ́, èéṣe tí a fi ń pe Ọlọ́run ní “ìwọ”, nígbà tí kò sí ọmọ tí a kọ́ tí ó lè pe bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bíbélì wa àti Ìwé Àdúrà ní “kí ìjọba rẹ dé”. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ní “ẹ ṣeun, Bàbá”. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ràn èyí, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni à ń sọ “ẹ” fún, ọ̀kan ṣoṣo sì ni Ọlọ́run.

Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, méjèèjì ni wọ́n ń lò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, “Ìwọ Ọlọ́run” ni, bí Ìwé Àdúrà ti wí i. Ṣùgbọ́n ní ìdí ààrò, bí wọ́n bá ń ro àmàlà láfún, tí ọwọ́ kan di omorogùn mú, tí èkejì fi àkísà di etí ìkòkò mú, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Bàbá, ẹ mà rí ọmọ yìí, kò jẹun láti àná.” Wọn kì í pa ojú dé, nítorí àmàlà yóò ní kókó. Mi ò gbọ́ àmín níbẹ̀ rí. Bí àmàlà bá ti jinná, àdúrà parí, wọ́n á ní kí n gbé abọ́ wá.

Ọ̀pọ̀ wa kò ka irú èyí kún àdúrà. Èmi rò pé òun gan-an ni ó yẹ kí olùbéèrè wa kọ́kọ́ dán wò, ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kí ó tó bọ́ sórí eékún.

* * *

Ìyá ọkọ rẹ. Àwọn kan ti ń fi àwọn aládùúrà ṣe yẹ̀yẹ́ níbí, mo sì fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tí àrùn lúkúlúkú (influẹ́ńsà) jà ní 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú orísun ìjọ aládùúrà ti ṣẹ̀. Wọn kò lọ bá Ọlọ́run nítorí pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Wọ́n lọ nítorí pé wọ́n gbà pé ó ń gbọ́. Sáàmù tí ìyá ọkọ rẹ mú sì dára. Sáàmù kẹtàlá ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó tí yóò fi gbàgbé òun. Ẹrú kì í bi olówó rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ìgbà tí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé ohùn tìrẹ kò lè dé ọ̀run bí kò ṣe pé òun bá ọ gbé e. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún kan tí ọjà kú. Wòlíì kan, tí n kò ní dárúkọ òun tàbí ìjọ rẹ̀, ní kí n mú àbẹ́là 7 wá pẹ̀lú owó, kí n má sì gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi fún ọjọ́ 7, kí n má baà da iṣẹ́ rú. Owó aṣọ funfun tí mo fẹ́ rẹ láró ni mo kó fún un. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní àbẹ́là mi kéré. Owó náà ká mi lára, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 tí n kò fi bá Bàbá mi sọ̀rọ̀ ká mi lára jù ú lọ, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo gbà pé alejò ni mí.

Jákọ́bù ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ láti gbàdúrà lé òun lórí, nítorí náà n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bá wa gbàdúrà. “Baba wa” ni Jésù kọ́ wa, kò ní “Baba mi”. Ẹni tí ó ń bá ọ gbàdúrà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nínú ilé kan náà. Kò jẹ́ agbowó-ibodè. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ba ilé ìjọsìn jẹ́, àwọn onígbàgbọ́ kan ṣí lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, àwọn kan dúró. Àwọn tí ó dúró kò ní kí á so àdúrà rọ̀ títí òyìnbó yóò fi padà.

* * *

Obìnrin kan béèrè nípa àdúrà ọ̀tá, ó ní òun kò rí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án nínú gbogbo èyí. Kúkúrú ni èsì mi. Jésù ní kí a fẹ́ràn ọ̀tá wa, kí a sì gbàdúrà fún wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí a lè jẹ́ ọmọ Baba wa, ẹni tí ń mú kí oòrùn rẹ̀ ràn sára ẹni búburú àti ẹni rere. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ “kú dànù” tí à ń pariwo lóru kan ẹni tí a jẹ́.

Ó ṣòro, n kò purọ́. Obìnrin kan wà ní ìlà wa ní Ìtòkú tí ó gba oníbàárà mi tí ó ti Èkó wá, ó sì ní aró mi ń ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pe orúkọ rẹ̀ sí iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jọ sá aṣọ. Okùn tirẹ̀ àti tèmi fara kàn, omi aró ń kán sílẹ̀ láti ara méjèèjì, oòrùn yọ, ó sì ń gbẹ tirẹ̀ bí ó ti ń gbẹ tèmi. Ibẹ̀ ni ẹsẹ Bíbélì yẹn ti bá mi. Àdúrà tí mo gbà fún un ní ọjọ́ náà kò gùn ju ìlà kan lọ, mo sì fi ìbínú gbà á.

* * *

OLÙBÉÈRÈ TÚN KỌ̀WÉ

Màmá, ẹ ṣeun. Mo dán ti ìdí ẹ̀rọ wò. Mo kàn ní, “Bàbá, owó ṣọ́ọ̀bù yóò pé ní oṣù tó ń bọ̀, ìdajì ni mo ní.” N kò ka ààwẹ̀ kankan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, bí ẹni pé mo ti hùwà àìlójútì. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí n kò mọ ohun tí n ó wí rárá. Ìṣọ́ òru ìjọ wa tún bọ́ sí Jímọ̀ tí ń bọ̀, mo sì ní iṣẹ́ àṣọ-ẹbí tí mo gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ náà. Ṣé kí n lọ, àbí kí n má lọ?

* * *

Ẹ̀rù yẹn kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Ìwọ̀fà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà padà yóò ṣì máa jí ní kùtùkùtù láti lọ sí oko olówó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ní ti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, Róòmù orí kẹjọ kan náà sọ pé a kò mọ bí ó ti yẹ kí a gbàdúrà, àti pé Ẹ̀mí ń fi ìrora tí a kò lè fi ẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Bí o bá ní “Bàbá”, tí o sì dákẹ́, o ti gbàdúrà.

Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí o lọ, rán aṣọ rẹ, kí o gbàdúrà ní òwúrọ̀ Sátidé láìtọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Bí o bá parí ní kùtùkùtù tí ó sì wù ọ́ láti bá àwọn ènìyàn gbàdúrà, tiwa náà bọ́ sí Jímọ̀ yẹn; bọ́ sí Ìtòkú kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o béèrè ìyá aláró, a ó jọ lọ. Mú ìborùn dání, nítorí fèrèsé kan ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a máa ń jókòó sí. Bí oorun bá gbé ọ, sùn. N ó jí ọ bí a bá fẹ́ ṣe oore-ọ̀fẹ́ láti fi parí.